Èwo ni Ká Kọ́kọ́ Pààrọ̀ Nínú Ẹ̀rọ Àwo Orin?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ń jẹun láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, ohun tó bá sọnù ní orísun odò, kò sí ẹni tí yóò tún rí i ní ìsàlẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ní àwo orin nílé ni pé, bí owó bá wọlé, ẹ̀rọ tó ń yí àwo ni kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀. Lẹ́yìn èyí ni apá tó gbé orí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni orí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó tó kan amplifáyà. Sípíkà ni yóò wá gbẹ̀yìn gbogbo wọn, bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun nígbà tí àwo ọbẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tó polongo ẹ̀kọ́ yìí jù lọ ni Ivor Tiefenbrun, ará Glasgow ní Skọ́tíláǹdì, tó dá ilé-iṣẹ́ Linn sílẹ̀ ní 1973. Ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sondek LP12 di ohun tí àwọn olólùfẹ́ orin fi ń búra.

A fẹ́ yẹ ẹ̀kọ́ náà wò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, nítorí pé àwọn ènìyàn wa ń ná owó lé e lórí. Àwo ti padà dé sí ìgboro. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2022, àwo tí wọ́n tà tó mílíọ̀nù 41, nígbà tí siidíì jẹ́ mílíọ̀nù 33. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí ń gbé àpótí àwo àwọn bàbá wọn jáde láti abẹ́ ibùsùn, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ wa, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìṣirò owó ni iṣẹ́ wa àti pé a fẹ́ràn àpàlà: èwo ni kí àwọn kọ́kọ́ rà?

Ká sọ òtítọ́, Tiefenbrun ṣe oore. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí àwo kò ju pé kí ó máa yí lọ. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ń ka ohun tó kéré ju irun orí lọ nínú poro àwo, àti pé bí ẹ́ńjìnnì tó ń yí àwo bá ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín gbígbọ̀n yẹn àti orin. Gbogbo rẹ̀ ni yóò kó pọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́. Agbára iná tó ń ti orí abẹ́rẹ́ jáde kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan lọ, amplifáyà ni yóò sì sọ ọ́ di ńlá, àti rere àti búburú inú rẹ̀. Títí dé ibí yìí, a bá a lọ.

Ibi tí a ti yapa ni ìtumọ̀ orísun. Tí a bá ní kí á tọ odò lọ sí orísun rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ tó ń yí àwo ni a ó bá níbẹ̀? Poro ni a ó bá. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń fọwọ́ kan poro nínú gbogbo ẹrù tí a tò sórí tábìlì, ohun náà ni ṣóńṣó dáyámọ́ǹdì tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. Bí a bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí, abẹ́rẹ́ ló yẹ kí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n Linn fi orí abẹ́rẹ́ sí ipò kẹta, ó fi ẹ̀rọ ayí-àwo, tí òun fúnra rẹ̀ ń tà, sí ipò kìn-ín-ní. A ò tíì rí ẹlẹ́mu tó sọ pé ẹmu òun kan.

Kí ẹ má rò pé àwa la kọ́kọ́ ṣàtakò. Ní Amẹ́ríkà, Edgar Villchur, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Acoustic Research sílẹ̀ ní 1954, ti gbé èrò mìíràn kalẹ̀ ṣáájú. Sípíkà ni tirẹ̀. Òun ló ṣe sípíkà kékeré onípákó tí wọ́n dí pa, tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nígbà tó wá di 1961, ó gbé ẹ̀rọ ayí-àwo kan jáde, ó sì tà á ní owó pọ́ọ́kú, kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, nítorí pé lójú tirẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ti ń yí déédéé tí kò sì pariwo, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Báwo ni Villchur ṣe mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́? Ó gbé àwo àti apá kọ́ sórí sípíríǹgì mẹ́ta, ó sì fi bẹ́líìtì rọ́bà yí i, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì má baà dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Thorens ṣe irú rẹ̀ ní 1965, wọ́n pè é ní TD150. LP12 tó wá lẹ́yìn wọn, sípíríǹgì mẹ́ta àti bẹ́líìtì náà ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wàásù pé sípíkà ni kó gbẹ̀yìn, ọgbọ́n ọkùnrin tó fi sípíkà ṣáájú ló wà nínú rẹ̀! A ò sọ èyí láti fi Linn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tí a ń sọ ni pé ìmọ̀ kan náà lè bí ìwàásù méjì, kí oníwàásù kọ̀ọ̀kan sì máa tọ́ka sí ọjà tirẹ̀.

Ó yẹ ká wá bi ara wa léèrè pé irú àwo wo ló wà lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ ẹ̀rọ nínú ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó a máa fi dùùrù àti fayolíìnì dán ẹ̀rọ wò, tàbí àwo àwọn olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tẹ̀, tí kò ní ìlà họ́họ́họ́ kankan lára. Àwo tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo Haruna Ishola, ti Yusuf Ọlátúnjí Bàbá Lẹ́gbà, ti Àyìnlá Ọmọwúrà, ti I. K. Dairo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti lọ sí òde ìsọmọlórúkọ ju iye ìgbà tí olówó rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣẹ́ńjà ni wọ́n fi lù wọ́n nígbà náà, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tẹ àwo pẹ̀lú ìwúwo gíráàmù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti òde òní kò ju bíi gíráàmù méjì lọ. Wọ́n kó wọn wá sí Lọ́ndọ̀nù nínú báàgì, wọ́n tún lù wọ́n ní Peckham àti Hackney. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò tún tẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ba ti ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, kò sí ilé ìtajà tí yóò gbà lọ.

Nínú ìwé ìṣirò, a máa ń ya ohun ìní sọ́tọ̀ kúrò lára ìnáwó. Ohun tó ń jẹ́ ohun ìní nínú yàrá orin wa ni àwo. Ẹ̀rọ ayí-àwo, amplifáyà àti sípíkà jẹ́ irin-iṣẹ́ tí iye wọn ń dín kù lọ́dọọdún, tí a sì lè fi òmíràn rọ́pò wọn nígbàkúùgbà. Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ dà bí epo mọ́tò, jíjẹ ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é sọ pé ó lè lò tó wákàtí 500 sí 1,000 bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ àwo kan lójúmọ́, tojú-tẹ̀yìn, ogójì ìṣẹ́jú, yóò lo nǹkan bí wákàtí 243 lọ́dún. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti wákàtí 1,000, ọdún mẹ́rin ni ó máa lò. Mélòó nínú àwọn tó ń ka ìwé yìí ló ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ láàárín ọdún mẹ́rin sẹ́yìn? A mọ ilé tí abẹ́rẹ́ wọn ti lé ní ogún ọdún, tí wọ́n sì ń rò pé àwo ló ń gbó.

Àmọ́, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ kì í kàn dún burúkú lásán. Ṣóńṣó rẹ̀ á ti di pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á sì mú bí ọ̀bẹ, bí ó ti ń kọjá ni yóò máa gé ògiri poro. Ohùn òkè ló kọ́kọ́ ń lọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí ẹni ń dín àkàrà. Nígbà tí olórin bá pe ọ̀rọ̀ tó ní "s" tàbí "ṣ" nínú, á dún bí ìgbà tí aṣọ ń ya. Eléyìí kò ṣeé túnṣe. Ẹni tó ra amplifáyà tuntun lé e lórí kàn sanwó kí ó lè gbọ́ ìbàjẹ́ náà kedere ni.

Ìdílé kan wà nínú àwọn ojúlùmọ̀ wa tí bàbá wọn fi nǹkan bí igba àwo sílẹ̀ fún. Àwọn ọmọ náà lọ sí ilé ìtajà kan láàárín ìlú, wọ́n ṣàlàyé ara wọn. Ẹni tó dá wọn lóhùn ka ẹ̀kọ́ tí a sọ lókè yìí fún wọn bí ẹni ka àdúrà: ẹ̀rọ ayí-àwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Wọ́n san £1,300. Kí owó má baà pọ̀ jù, ó ní kí wọ́n yọ orí abẹ́rẹ́ lára ẹ̀rọ bàbá wọn, kí wọ́n fi í sí apá tuntun ná, nígbà tí owó bá tún wọlé, wọn yóò wá ra òmíràn. Bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi lu àwo bàbá wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọdún tí wọ́n rà á. Nígbà tí ẹnì kan wá bá wọn fi awò amúǹkan-tóbi wò ó, ṣóńṣó rẹ̀ ti fẹjú bí eyín àgbà. Abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n rà kò tó £50. Àmọ́ ojú kìn-ín-ní àwo àpàlà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ràn jù, tí wọ́n ń lù ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ti yàtọ̀ sí ojú kejì. Ètí tí kò mọ orin pàápàá yóò gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Nítorí náà, èrò wa ni pé abẹ́rẹ́ ni ká kọ́kọ́ pààrọ̀, kódà bí ẹ̀rọ tí a ní bá jẹ́ èyí tí aládùúgbò gbé jù sẹ́nu ọ̀nà. Ó sàn púpọ̀ pé lónìí, ẹnu abẹ́rẹ́ nìkan ni a lè fà yọ nínú ọ̀pọ̀ orí abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀, ká ti òmíràn bọ̀ ọ́, láìfọwọ́ kan ìdè kankan. Ẹni tó ní Ortofon 2M Red lè ki abẹ́rẹ́ Blue bọ inú rẹ̀. Àwọn Audio-Technica VM95 tó jáde ní 2018 gba oríṣiríṣi abẹ́rẹ́ sínú ara kan náà, láti èyí tó rí roboto títí dé èyí tí wọ́n gbẹ́ tín-ín-rín.

Ìyàtọ̀ láàárín roboto àti tín-ín-rín ṣe pàtàkì fún orin wa ju bí àwọn òyìnbó ṣe mọ̀ lọ, a ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Àwo ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, yálà abẹ́rẹ́ wà létí rẹ̀ ni o tàbí ó ti dé àárín. Ṣùgbọ́n etí àwo tóbi, àárín rẹ̀ kéré. Ní etí, poro ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá fi máa dé ìparí, kò ju bíi 21 lọ. Orin tó gba àyè gbọọrọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá fún pọ̀ ní ìparí, abẹ́rẹ́ roboto kò sì lè wọ inú kọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún olórin òyìnbó tó kọ orin márùn-ún sí ojú àwo kan, orin karùn-ún ni yóò jìyà, wọ́n a sì máa fi orin jẹ́jẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn àwo jùjú ọdún 1970 sí 1979, ti Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé. Orin kan ló máa ń ti etí dé àárín láìdúró. Wọn a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn a kí àwọn ènìyàn ńláńlá, ìlù a wá gbóná níkẹyìn, nígbà tí gángan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí gbogbo agbo ti dìde. Ibi tó dùn jù nínú orin wa ló bọ́ sí ibi tó burú jù lára àwo. Kò sí ẹ̀rọ ayí-àwo tó lè yí èyí padà, iye yòówù kí wọ́n tà á. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n dè tọ́ lẹ́nu apá ló lè dín in kù.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ayí-àwo yóò sọ pé, ìró ìlù wa ń sọ̀rọ̀, bí ẹ̀rọ kò bá yí déédéé, ìlù á ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwíjàre tó dùn létí ni, àwa náà sì ti gbọ́ ọ níbi ìjókòó ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Bí ẹ̀rọ bá yára díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò jọ gòkè, ọ̀rọ̀ ìlù kò yí padà. Èyí tó ń dààmú ni kí ohùn máa lọ sókè sódò. Ohun tó sì sábà máa ń fa irú rẹ̀ nínú àwo àtijọ́ ni pé wọn kò lu ihò àárín àwo sí àárín gan-an. Bí ihò bá fi mìlímítà kan yẹ̀, ní ibi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí àárín, ohùn yóò máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, yóò sì tún fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Ìyàtọ̀ ohùn tí onígángan ń lò pọ̀ jù èyí lọ fíìfíì, nítorí náà ìlù kò ní ṣìsọ. Gìtá onírin tí wọ́n ń fà ni a ó ti gbọ́ ọ, irú èyí tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta fún Sunny Adé, àti gòjé inú sákárà. Ní ọdún 2023, Linn gbé LP12-50 jáde, àádọ́ta lé nígba péré ni wọ́n ṣe, £50,000 ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbé àwo tí ihò rẹ̀ yẹ̀ sórí rẹ̀, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn ará Japan ní Nakamichi ti ṣe ẹ̀rọ kan ní 1981, TX-1000, tó ń wá àárín àwo fúnra rẹ̀ tó sì ń tún un gbé, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò tẹ̀lé wọn. Ní ilé wa, a máa ń fi fáìlì roboto fẹ ihò náà díẹ̀, a ó sì máa fi ọwọ́ sún àwo títí apá yóò fi dẹ́kun àti máa mì sọ́tùn-ún sósì.

Ìgbà wo ló wá yẹ ká pààrọ̀ ẹ̀rọ ayí-àwo? Nígbà tí ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń gbọ́ sí wa létí láàárín orin, tàbí tí kò bá ṣeé ṣe láti ṣètò ìwúwo abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó máa yí.

Ẹni tí àwo rẹ̀ ti pẹ́ gan-an, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún yàtọ̀. Àwọn àwo 78, irú àwọn tí Zonophone gbà sílẹ̀ ní Lọ́ndọ̀nù níbí láti ẹnu Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní 1922, ní poro tó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti àwo gbọọrọ. Bí a bá gbé abẹ́rẹ́ òde òní sí i, ìsàlẹ̀ poro ni yóò máa wọ́ lọ nínú ìdọ̀tí ọgọ́rùn-ún ọdún. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ wà lọ́jà. Àwo ìgbà ayé Dairo náà, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ olóhùn kan ṣoṣo. Orin inú wọn wà ní ìhà ẹ̀gbẹ́ poro nìkan, nígbà tí ìdọ̀tí àti ìfọ́ ń mi abẹ́rẹ́ sókè sódò pẹ̀lú. Bí amplifáyà bá ní bọ́tìnnì tó ń da ohùn ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ẹyọ kan, gbogbo ariwo òkè-sódò yẹn ni yóò pa ara rẹ̀ rẹ́. Bọ́tìnnì náà wà lára ọ̀pọ̀ amplifáyà àtijọ́, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò lára ọ̀pọ̀ tuntun. Ẹni tó bá ní ti àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó wá ń ronú àti pààrọ̀ rẹ̀, kí ó tún ro ó.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, sípíkà ló kàn, níbi tí Villchur ti borí. Nínú gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, sípíkà ló ń yí ohùn padà jù, pàápàá ohùn ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ sún èyí tó wà nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú kọ̀rọ̀ yàrá, tí àwòrán ìgbéyàwó sì wà lórí rẹ̀. Bí a bá fà á kúrò ní kọ̀rọ̀, tí a gbé e dé ìwọ̀n etí ẹni tó jókòó, ohùn ìyáàlù tó ń kùn bọ̀ǹbọ̀ yóò di ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ yé. Ẹni tó ń gbé filáàtì tí ògiri rẹ̀ kan ti aládùúgbò, sípíkà ńlá kì í ṣe tirẹ̀. Wọn yóò pe kánsù lé e lórí kí àwo tó dé ojú kejì.

Ti wáyà tí wọ́n ń ta mítà kan rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, àwa kò ní ohun tí a ó sọ níbẹ̀ ju pé kí ẹ fi owó náà ra búrọ́ọ̀ṣì àwo àti omi ìfọwo.